Ta Ló Ni Abẹ́ Ilé Wa?

Habeebullah, Àlàó ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí yín kú òtútù Mánṣẹ́sítà tí ẹ ń fara dà. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Èmi náà wà, ó kàn rẹ̀ mí ni. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, ilé yìí ti tóbi jù fún mi, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì dà bí ẹni pé ó ń ga sí i.

O mọ̀ pé a ti rí ẹni tó fẹ́ ra ilé. Mo ti ń di ẹrù nígbà tí Fèyí, lọ́yà wa tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà nítòsí ilé ìtajà Vicarage Field, pè mí lórí fóònù, ó ní wọ́n ń béèrè ẹni tó ni mínírà tó wà lábẹ́ ilé. Mo ní èmi ni, pé Fáńtà tó ṣẹ́kù níbi àdúrà fìdáù bàbá rẹ ni, abẹ́ àtẹ̀gùn ni mo kó o sí, kí wọ́n mu ún, mi ò ní gbowó rẹ̀.

Ọmọ náà wá ṣàlàyé pé ohun inú ilẹ̀ lòun ń wí, yanrìn, òkúta, bóyá amọ̀ pàápàá, pé ẹni tó ni oko kí wọ́n tó kọ́lé síbẹ̀ ló ta òkè ilẹ̀, tó sì di ìsàlẹ̀ mú. Àlàó, ńṣe ni mo jókòó. Gbogbo ọdún tí bàbá rẹ fi wa bọ́ọ̀sì kó lè san owó ilé yìí, àṣé orí ọmọrí ìkòkò ẹlòmíràn là ń gbé.

Àyà mi já pé ẹni tó fẹ́ rà á yóò sá. Mo tilẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé lọ wò ó bóyá wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni mo bá níbẹ̀.

Mo wá bi Fèyí pé ìwọ́ rẹ ńkọ́, èyí tí bàbá rẹ rì mọ́ ìdí igi ápù ẹ̀yìnkùlé nígbà tó já, ṣé olóko ló ni òun náà? Ó ní rárá, Mọ́mì, ìyẹn kì í ṣe mínírà. Ohùn rẹ̀ ti wá rọ̀.

Lánàá ló tún pè, ó ní ẹni tó fẹ́ ra ilé ti gbà, pé bí ọ̀pọ̀ ilé ṣe rí nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa wá gbẹ́ nǹkan kan. Ó yẹ kí n dúpẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí débi pé mo kàn ní ó ṣeun ni.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún àwọn tó máa bá mi kó ẹrù. Bí o bá lè wá fúnra rẹ, fi owó náà wọkọ̀ wá. Wá dúró nídìí igi ápù yẹn kí n tó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀.

Ilẹ̀ tí ìwọ bá rà, Ọlọ́run á jẹ́ kó jẹ́ tìrẹ tòkè-tìsàlẹ̀.

Ìyá rẹ,
Mọ́níkẹ́, Dagenham East