Ìlà Kan Nínú Ìwé Ìdílé Wa

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ó ti lé lọ́dún kan tí a sin yín. Ẹlòmíràn ló ń ta aṣọ ní ìsọ̀ yín ní Ọjà Ọba báyìí, ṣùgbọ́n sálúbàtà yín ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Ekenwan; n kò lè gbé e kúrò. Ìròyìn tí mo ní kò dára, èmi ni mo sì fà á.

Nígbà ayé yín, bí mọ̀lẹ́bí wa ní Ìbìní bá pàdé, tí àwọn àgbà ń ka ìran wa, bí wọ́n bá ti kan ti Ìyá Ekiosa, ìbátan wa tó ń ta gààrí, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ẹ ó ní kí n lọ bu omi wá. Kí n tó dé, ọ̀rọ̀ á ti yí sí nǹkan mìíràn. Mo rò pé ikọ́ lásán ni.

Nígbà tí ìrántí ọdún kan yín ń súnmọ́, wọ́n ní kí n kọ ìwé ìdílé wa, torí pé ìtàn ni mò ń kọ́ wọn ní yunifásítì. Mo lọ sílé, ní Àkókó. Mo bi àgbà méjì, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀rọ̀ wọn bára mu. Nígbà ogun, baba ńlá wa fowó ra ọmọbìnrin kan, ó sì fi ṣaya. Ọmọbìnrin náà ló bí bàbá Ìyá Ekiosa. Mo kọ ọ́ ní ìlà kan péré: ẹrú tí a rà ni. Inú mi dùn pé n kò fi àlàfo sílẹ̀. A pín ìwé náà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìrántí náà.

Ìyá àfẹ́sọ́nà Ṣadé gba ọ̀kan. Ẹ rántí Ṣadé, ọmọ-ọmọ Ìyá Ekiosa, tí a máa ń bá sọ Yorùbá, tó ń fi Pìjìn dá wa lóhùn. A ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ará ọkọ rẹ̀ ní kí a dá gbogbo ẹrù wọn padà, pé àwọn kò ṣe mọ́. Ọmọ tí kò mọ ọ̀nà Àkókó di ọmọ ẹrú.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, Ìyá Ekiosa fẹ́ jókòó. Àbúrò yín pariwo: “Ẹ wò ó, ọmọ ẹrú ń bá wa du àga! Ilé ìdáná ńkọ́?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó ń gbé ògì wá fún yín láràárọ̀ títí ẹ fi kú! Èmi ni mò ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé. N kò gbójú sókè. Ọjọ́ náà ni ikọ́ yín tó yé mi. Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?

Lánàá, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Ekiosa nídìí gààrí rẹ̀ ní ọjà Ekiosa. Ó wọn gààrí fún oníbàárà kan tán kó tó yíjú sí mi.

“Dìde, ọ̀mọ̀wé. O ò parọ́. O kọ oríkì gbogbo wọn, títí dé ti ọmọ tó kú ní ìkókó. Ìyá bàbá tèmi ńkọ́? Kí ni wọ́n ń pè é nílé tí wọ́n ti jí i gbé?”

Bàbá mi, mo bi àwọn àgbà méjèèjì léèrè ẹni tó rà á, ogun tí wọ́n ti kó o, àti ipò tó wà láàárín àwọn ìyàwó. N kò béèrè orúkọ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ti kú. Èkejì kò dá ènìyàn mọ̀ mọ́.

Ṣé ẹ̀yin mọ orúkọ rẹ̀?

Èmi ni ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín.