Apẹja tí mo dá dúró lẹ́nu ọ̀nà

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́.

Mo lọ sí ọsibítù ní Ìkòròdú lónìí, mo lọ wo ọmọ tí ọmọ-ọmọ mi bí. Oṣù rẹ̀ kò pé. Bí mo ṣe gbóòórùn ọṣẹ yàrá àwọn ọmọ tuntun, àárò iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mo ṣe nígbà kan sọ mí.

Nọ́ọ̀sì ibẹ̀, ọmọdébìnrin kan báyìí, ní, "Bàbá, ẹ fọwọ́, kí ẹ bọ́ ẹ̀wù. Àyà yín ni ọmọ náà máa sùn lé."

"Èmi arúgbó?"

"Àyà arúgbó náà ń móoru, sà."

Ó sì sùn lóòótọ́.

Nígbà tiwa, a kì í jẹ́ kí bàbá ọmọ wọlé. Apẹja kan wá láti Èjìnrìn, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà fún ọjọ́ mẹ́ta. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, kí n ṣáà fọwọ́ kan ọmọ mi." Mi ò sọ fún un pé nọ́ọ̀sì ni mí. Mo ní òórùn ẹja wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọṣẹ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Òkú ọmọ náà ni mo gbé lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ kẹrin. Wọn ò tíì sọ ọ́ lórúkọ. Mi ò tilẹ̀ bi bàbá rẹ̀ léèrè ohun tí ì bá máa pè é.