Àmì Búlúù Inú Fóònù àti Ọmọ Tó Ń Dá Rìn Lókèèrè

Ọmọ mi àtàtà, ìyá mi kékeré,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé orí kò fọ́ ọ, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbé inú ilé gíga yẹn ní ìlú ńlá ti ń kí ara wọn láàárọ̀ báyìí? Àwa níbí wà bí o ṣe fi wá sílẹ̀, ẹsẹ̀ ìyá rẹ tó ń ro ó ti ń gbọ́ oògùn, ewúrẹ́ wa bí ìbejì, ọ̀kan nínú wọn sì ti jẹ etí fìlà mi. Ọlọ́run tí kì í sùn kò ní jẹ́ kí oorun kun ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Bí o bá jáde, wàá wọlé. Ibi tí ẹnì kan kò ti mọ̀ ọ́, wọn á fi àga fún ọ jókòó kí wọ́n tó béèrè orúkọ rẹ. Àmín.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Mo kà á fún ara mi, mo tún kà á sókè fún ìyá rẹ, ó ní kí n tún un kà, kí n má sáré. O ní ibi iṣẹ́ rẹ fẹ́ rán ọ padà sí orílẹ̀-èdè tí o lọ níjọ́sí, pé lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mélòó kan, odindi ọdún ni, ìwọ nìkan, àti pé o kò ní fọwọ́ sí i àfi tí èmi bàbá rẹ bá ní kí o lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn wú mi lórí, ó sì dẹ́rù bà mí. Èmi tí mò ń kan ilẹ̀kùn fún gbogbo àdúgbò yìí, n kò tíì kan ọ̀kan rí tí mo mọ ẹni tó máa gba ibẹ̀ wọlé.

Kí n tó fèsì, ó yẹ kí o gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé nígbà tí o kọ́kọ́ lọ. A fi pa mọ́ fún ọ, òun gan-an ló sì ń dá awuyewuye sílẹ̀ báyìí.

O rántí pé nínú fọ́ọ̀mù ìrìn àjò yẹn, wọ́n béèrè ẹni tí wọn yóò pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, o sì kọ orúkọ mi sí i. Èmi gbà pé wọ́n ti gbà mí síṣẹ́ nìyẹn. Mo sọ fún àwọn tí a jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n bá mi yọ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń tètè wẹ̀, mo sì ń gbé fóònù sórí pákó níwájú mi, kí wọ́n má baà pè kí wọ́n bá mi pẹ̀lú eruku igi ní irùngbọ̀n. Nígbà tó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò pè, ọkàn mi bàjẹ́ díẹ̀, mo ní bóyá wọ́n ti fi ẹlòmíràn rọ́pò mi. Onídìrí iwájú ilé wa ló là mí lóye. Ó ní kí n máa gbàdúrà kí wọ́n má pè mí láéláé, pé iṣẹ́ tí a kì í ṣe ni. Mo bi í bóyá wọ́n ń san owó fún iṣẹ́ tí a kì í ṣe, ó fi aṣọ bo ẹnu, ó wọlé lọ.

Ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ lọ́hùn-ún tún wà níbẹ̀. O ní kò ní kọ́kọ́rọ́, káàdì ni o máa ń fi hàn án tí yóò sì ṣí. Mo rò ó títí, mo gbà pé ilẹ̀kùn náà mọ̀wé. Ohun tí kò tíì yé mi ni bó ṣe máa dá ọ mọ̀ bí o bá yí irun rẹ padà. Ní ti igi ṣóńṣó tí mo gbẹ́ fún ọ, tí mo ní kí o máa kì bọ abẹ́ ilẹ̀kùn kí o tó sùn, o ní ìta ni ilẹ̀kùn ibẹ̀ ń ṣí sí, pé abẹ́ fèrèsé lo wá kì í bọ̀ kí atẹ́gùn má baà gbá a pa. Ó dára. Igi rere kì í ṣaláì níṣẹ́.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ àmì búlúù. O fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí fóònù mi tí yóò máa fi ibi tí o wà hàn wá. Onídìrí tẹ̀ ẹ́, àwòrán ilẹ̀ yọ, àwọn títì lọ́ bí òwú, àmì róbótó búlúù kan sì ń mí láàárín wọn. Ó ní ìwọ nìyẹn. Ìyá rẹ tẹjú mọ́ ọ, ó ní o ti rù. Láti ọjọ́ náà ni kò ti gbà kí n gbé fóònù sínú oòrùn mọ́. Nígbà mìíràn, àmì náà á sún kúrò níbi tó wà kí a tó ṣẹ́jú, ìyá rẹ á ní o ti ń sáré jù, pé kí ẹnì kan sọ fún ọ kí o rọra. Nígbà mìíràn, róbótó fẹ́ẹ́rẹ́ kan á fẹ̀ yí ọ ká. Ẹ̀gbọ́n mi, bàbá rẹ àgbà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Mo-Ti-Wí, á ní ẹ wò ó, èrò ti pé lé e lórí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àmì náà gbéra láti ẹ̀gbẹ́ ibi iṣẹ́ rẹ, ó ń bọ̀ wálé, inú wa dùn. Ó dé iwájú ilé tí o wọ̀ sí, kò dúró. Ó gun afárá, ó yípo, ó padà, ó tún kọjá níwájú ilé, kò tún dúró. Ẹ̀gbọ́n mi ní o ti sọnù. Ìyá rẹ bi í pé ta ló ń sọnù níwájú ilé ara rẹ̀ léraléra. Ó ní bí o kò bá sọnù, a jẹ́ pé wọ́n ti gbé ọ sínú ọkọ̀, pé ohun tí òun ti ń wí nìyí, obìnrin kì í dá rìn ní ilẹ̀ tí kò ti ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. Mo pè ọ́, o kò gbé e. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ fóònù, mo ń pariwo pé ọmọ mi, yà sọ́tùn-ún, yà sọ́tùn-ún, àwọn ará ilé náà gbè é, ọ̀tún o, ọ̀tún o. Mo tiẹ̀ gbé fóònù náà dẹ̀gbẹ́ díẹ̀, bí ẹni fẹ́ da omi, bóyá wàá lè yọ̀ wá sí ọ̀nà ilé. Onídìrí ń sọ nǹkan kan, a kò gbọ́ ọ.

Nígbà tí mo tún pè, ẹnì kan gbé e. Ohùn obìnrin ni, èdè tí mi ò gbọ́ ló ń sọ. Ẹ̀gbọ́n mi já a gbà, ó ń bú ramúramù sí i pé kí wọ́n fi ọmọ wa sílẹ̀, pé ilé wa kún fún ọkùnrin. Ọkùnrin méjì péré ló wà nílé, èmi àti òun, ẹsẹ̀ sì ń dun òun. Mo gba fóònù padà. Mo kí i pé ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ kú iṣẹ́, ọmọ mi dà. Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ènìyàn burúkú. Onídìrí tó gbọ́ díẹ̀ nínú èdè náà bá a sọ̀rọ̀, ó wá yíjú sí wa. Ó ní awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, pé orí àga ló ti rí fóònù yìí, òun sì ń fi bọ́ọ̀sì náà yí ìlú po bí iṣẹ́ òun, pé tí òun bá parí, òun á fi í sí ibùdókọ̀ fún ẹni tó ni ín. Bọ́ọ̀sì ẹlẹ́bọ́ọ̀sì ni a ti ń darí láti ìrọ̀lẹ́! Ìyá rẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní bí àmì yìí kì í bá ṣe ọmọ òun, ọmọ òun wá dà.

Kò pẹ́ lo fi fóònù onílé rẹ pè. O ní o sùn lọ nínú bọ́ọ̀sì, o ta jí nígbà tó dé ibi tí o máa sọ̀, o sáré bọ́ sílẹ̀, o gbàgbé fóònù. Ò ń rẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín, a kò sọ nǹkan kan fún ọ.

Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé ní ọ̀sẹ̀ yìí, a jókòó lé e lórí. Ẹ̀gbọ́n mi ní rárá, pé àpẹẹrẹ ti bọ́ọ̀sì tó, àfi bí ọmọkùnrin òun bá máa tẹ̀lé ọ lọ. Ọmọkùnrin tó ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá nítorí ajá onídìrí! Mo ti fẹ́ẹ́ gbà pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà náà ni ìyá rẹ, tó ti ń ṣa ẹ̀wà láti àárọ̀ bí ẹni tí kò gbọ́, bi ẹ̀gbọ́n mi pé ọ̀nà wo ló máa ń gbà wálé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ó ní ọ̀nà tààrà, ta ni yóò lọ máa yípo. Ìyá rẹ ní láti ìgbà tí òun ti wọ ilé yìí, òun kò dá gba ọ̀nà tààrà yẹn rí ní ìrọ̀lẹ́. Iwájú ilé-ẹ̀kọ́ ni òun ń gbà, níbi tí iná wà, bó tilẹ̀ jìn. Bí òun bá sì dé kọ̀rọ̀ tó ṣókùnkùn, òun á húkọ́ gan-an, bí ìgbà tí òun àti ẹnì kan jọ ń bọ̀.

Ọmọ mi, mo ti ra oògùn ikọ́ fún un rí nítorí ikọ́ yẹn. Ó lò ó tán, kò sọ nǹkan kan.

Onídìrí bú sẹ́rìn-ín, ó ní ti ìyá rẹ ṣì kéré. Ó ní bí òun bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, òun á gbé fóònù sétí, òun á máa bá ọkọ òun sọ̀rọ̀ títí òun á fi délé, bẹ́ẹ̀ òun kò lọ́kọ, fóònù sì lè ti kú. Ọlọ́pàá ni òun fi ọkọ náà ṣe, ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni òun sì gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́. A rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀gbọ́n mi ní tìyẹn yàtọ̀, pé níbí, gbogbo wa la mọ ara wa. Ìyá rẹ kò gbójú sókè kúrò lórí ẹ̀wà rẹ̀, ó ní àwọn tí òun mọ̀ gan-an ni òun ń húkọ́ fún.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó. Mo rántí pé ní gbogbo ìgbà tí èmi àti ìyá rẹ jọ wọ ọkọ̀, kò fi ìgbà kan sùn. Mo máa ń rò pé ó fẹ́ràn àtimáa wo igbó ni. Ìwọ sì sùn lọ nínú ọkọ̀ àwọn àjèjì, ní ìrọ̀lẹ́, títí o fi gbàgbé ẹrù rẹ. N kò sọ pé ibẹ̀ ni ọ̀run rere o. Ìwọ náà sọ fún mi nípa ọkùnrin tó ń tẹ̀lé ọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, tó ń béèrè orúkọ rẹ, títí o fi wọ ilé oògùn lọ dúró ti obìnrin tó ń tajà níbẹ̀. N kò mọ èyí tó wúwo jù nínú méjèèjì, bóyá kò sì sí òṣùwọ̀n kankan tó lè wọ̀n ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé n kò lè fi ilé ṣe odi fún ọ, nígbà tí odi náà ní ihò tí n kò tiẹ̀ mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, lọ. Èmi bàbá rẹ ni mo ní kí o lọ. Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́ níbẹ̀, wí fún mi. Bí kò bá bà ọ́, wí fún mi pẹ̀lú, má rò pé yóò dùn mí. Kí o sì sọ òótọ́ fún mi, nígbà tí o bá wálé, ọ̀nà wo ni ìwọ ń gbà?

Ní ti owó, jọ̀wọ́ wá nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́. Mo ti gbẹ́ òpó kan, mo ti rì í mọ́ kọ̀rọ̀ tó ṣókùnkùn yẹn, ó ku gílóòbù àti wáyà. Ìyá rẹ ní iná dára, pé yóò jẹ́ kí òun rí ẹni tí òun ń sá fún dáadáa. Mo máa tan án bẹ́ẹ̀ náà.

Owó kejì ni ti ìwé ìrìnnà, tìyá rẹ ni. Ó ní bí o bá ti ráàyè jókòó lọ́hùn-ún, òun ń bọ̀ wá kí ọ. Mo ní kí a ṣe ìwé méjì, kí èmi náà sìn ín. Ó wò mí bí ẹni wo pákó tó wọ́, ó ní ta ló ní kí n sin òun, ọ̀kan péré ni kí n kọ sí ọ. Ọ̀kan náà nìyí tí mo kọ. Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì gbọ́. Bí o bá pè é láti kí i, jẹ́ kí tìrẹ kọ́kọ́ lọ sílẹ̀ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ ná.

Ọlọ́run á fi ẹni rere sí ọ̀nà rẹ, yóò fi ilé onínúure sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí o bá gbà. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ. Oorun àlàáfíà ni wàá máa sùn, nílé àti lájò.

Èmi ni bàbá rẹ, káfíńtà.