Ìyá Mi, Òfin Ló Ní Kí N Yọ Àwòrán Bàbá Sálíù

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ sì kú ìbínú náà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Àbújá níbí kí n tó sọ ohunkóhun. Mo kí Bùrọ̀dá Ṣẹ́gun àti ìyàwó wọn, mo kí Àǹtí Dèbórà, mo kí gbogbo ará ìjọ tí ẹ ti fẹjọ́ mi sùn. Ìta gbangba ni mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sí, nítorí ìta gbangba náà lẹ ti ń sọ pé Délé ọmọ yín, tí ẹ yan gààrí títí ẹ fi rán an dé yunifásítì, ló wá fi àṣẹ ìjọba pa yín lẹ́nu mọ́ lórí fóònù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ mi, torí mo gbọ́ pé ẹ ń sọ kiri ìlú wa Iffe pé èmi ni mo ni ìkànnì tí ẹ ń gbé àwòrán sí. Èmi kọ́ ni mo ni ín o. Àwọn òyìnbó kan ló ni ín, òkè òkun ni wọ́n wà. Ìjọba ló gbé òfin jáde pé ìkànnì yòówù tí èrò bá pọ̀ lórí rẹ̀ nílẹ̀ wa gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, kó máa san owó orí, kó ní ọ́fíìsì tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ̀, kó sì ní ẹnì kan pàtó tí yóò máa dáhùn bí nǹkan bá dàrú. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ pé wọ́n gbé ohun tí kò tọ́ nípa òun síta, láàárín ọjọ́ kan ni ọ́fíìsì gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì yọ ọ́ kúrò bí ẹni náà bá jàre.

Èmi ni ẹnì kan pàtó náà. Ọ́fíìsì tí òfin sì ń wí, yàrá kan ṣoṣo ni, lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta bẹ́ẹ̀dì. Tábìlì wà níbẹ̀, àga wà níbẹ̀, fáànù kan sì wà tó ń mi orí sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tí kò gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Ọ̀gá mi obìnrin wà lókè òkun, inú kọ̀ǹpútà la ti ń ríra. Ó máa ń bi mí bóyá àwọn èèyàn ń wá. Mo máa ń ní wọ́n ń wá dáadáa. Àwọn tó ń ṣìnà gòkè wá béèrè iye tí bẹ́ẹ̀dì jẹ́ ni mo ń kà mọ́ ọn.

Ọyẹ́ ti dé síbí, ètè mi ti là wẹ́wẹ́. Oúnjẹ ń lọ, owó ń wọlé díẹ̀, ó sì mọ ọ̀nà ìta ju ọ̀nà ilé lọ. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé kò sẹ́ni tí yóò kí mi ní "Okun o", bí a ṣe ń kíra nílé, bílẹ̀ bá mọ́. Mo kí onílé mi bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ọmọ Ìbàdàn ni. Ó ní òun kò ní okùn, kí n lọ yá a lọ́wọ́ ìyá tó ń fọṣọ nísàlẹ̀.

Inú ìdánìkanwà yìí ni mo wà lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, tí mo ń họ ẹ̀pà jẹ, tí ilẹ̀kùn fi ṣí, tí Bàbá Sálíù láti Iffe wọlé.

Ìyá, mo kígbe Jésù. Bàbá Sálíù náà pe orúkọ Ọlọ́run ní èdè Lárúbáwá, torí igbe mi já wọn láyà. Ṣé ẹ rí i, èmi náà ti rí àwòrán tí ẹ gbé síta. Mo rí Bàbá Sálíù tí wọ́n fẹ̀yìn ti àga, tí ojú pa dé, tí ọwọ́ wà láyà, mo sì rí ohun tí ẹ kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Sùn re o, Bàbá Sálíù." Mo pè yín, ẹ ò gbé e. Mo sunkún. Mo kọ ọ́ sábẹ́ ibẹ̀ pé kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹni tí mo ti sọ̀fọ̀ rẹ̀ ló wá dúró níwájú mi tó ń béèrè omi tútù.

Wọ́n mu omi tán, wọ́n wá sọ bó ṣe jẹ́. Wọ́n ní ìpàdé ìlú ni, akọ̀wé ń ka ìwé ìpàdé tó kọjá, oorun gbé wọn lọ, ẹ sì yọ fóònù. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé eré ni, torí láti ìgbà tí bàbá mi ti wà láyé ni ẹ ti ń fi orí pípá wọn ṣeré. Ṣùgbọ́n eré náà ti kúrò ní Iffe, ó ti dé Kábà, ó ti ré kọjá Lọ́kọ́ja. Àwọn àna wọn láti Òkè-Bùkún gbé iṣu àti ewúrẹ́ wá síbi òkú, wọ́n bá òkú lórí òrùlé tó ń kan páànù. Ọ̀kan nínú wọn sá débi tó fi bàtà sílẹ̀. Oníbàárà tó ń ra kaṣú wọn ti bá ẹlòmíràn dúnàá-dúrà. Ọmọ wọn obìnrin tó wà ní Kàdúná wọ mọ́tò pẹ̀lú ẹkún, ó wọlé, ó bá wọn nídìí ọbẹ̀. Dípò kó yọ̀, ńṣe ló bá wọn jà.

Wọ́n ní àwọn wá bẹ̀ yín kí ẹ yọ àwòrán náà. Wọ́n ní ẹ dáhùn pé látìgbà tí ẹ ti ń gbé àwòrán síta, kò sí èyí tó tíì pe èrò tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n ṣe sùúrù kó di ọjọ́ Àìkú. Ni ẹnìkan bá sọ fún wọn pé òfin ti ní kí ìkànnì yín ní ọ́fíìsì ní Àbújá.

Mo pe ọ̀gá mi. Ó béèrè ẹni tó mú ẹjọ́ wá. Mo ní òkú fúnra rẹ̀ ni. Ó ní ìlànà ilé iṣẹ́ ni pé mọ̀lẹ́bí nìkan ló lè ṣẹjọ́ fún òkú. Mo ní òkú náà kò kú. Ó ní kí n fi ẹ̀rí hàn. Bàbá Sálíù yọ káàdì ìdìbò, ọ̀gá mi ní ìyẹn kàn fi hàn pé wọ́n wà láyé nígbà tí wọ́n gbà á ni. Ni mo bá gbé wọn síwájú kọ̀ǹpútà. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n wúkọ́, wọ́n ní kí n bi òyìnbó yẹn bóyá kí àwọn jó. Kí n tó túmọ̀ rẹ̀, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ijó. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ẹ̀rí tó.

Mo fẹ́ tẹ ibi tí àwòrán yóò fi lọ ni Bàbá Sálíù di ọwọ́ mi mú. Wọ́n béèrè pé ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Mo ní yóò bá a lọ. Wọ́n ní ṣé òfin kò lè yọ àwòrán kó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ni? Mo ní kò sí irú ìyẹn. Wọ́n jókòó. Wọ́n ní ojú àwọn kò ríran dáadáa, kí n kà á sí àwọn létí kó tó lọ.

Mo kà á. Ọkùnrin kan láti Iyamoye kọ ọ́ pé kẹ̀kẹ́ bàbá yìí ló gbé òun lọ ṣe ìdánwò ní Kábà, wọ́n ò gba nǹkan kan. Ìyá kan ní bàbá kò fi òṣùwọ̀n rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ rí. Ọkùnrin kan tó wá ra bẹ́ẹ̀dì gòkè wá, ó sì dúró gbọ́. Bí mo bá ti ka ọ̀kan, Bàbá Sálíù á ní irọ́ ni, wọ́n á sì ní kí n máa kà lọ.

Mo wá dé ibi tí àlejò kan ti béèrè ta ni bàbá yìí, tí ẹ sì dá a lóhùn. Ẹ ní ọ̀rẹ́ ọkọ yín ni. Ẹ ní nígbà tí ọkọ yín dùbúlẹ̀ àìsàn, òun ló ń ro oko yín kó tó ro tirẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Ẹ ní bí kò bá sí i ni, ebi ì bá pa àwọn ọmọ yín.

Bàbá Sálíù ṣí fìlà. Wọ́n ní kí n tún un kà. Wọn kò sọ pé irọ́ ni mọ́. Wọ́n ní láti ìgbà tí ọ̀rẹ́ àwọn ti lọ, orí pípá nìkan ni ẹ ń bá àwọn sọ. Wọ́n nu ojú, wọ́n ní kí n yọ ọ́, àwọn kò fẹ́ kú mọ́.

Mo sì yọ ọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn, Ìyá.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo wá bẹ̀. Ní Jímọ̀, bí wọ́n bá ti ti mọ́ṣáláṣí dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà sílé wọn. Ẹ fi fóònù sílé. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ fún àlejò yẹn, ẹ lọ sọ ọ́ fún Bàbá Sálíù nígbà tí ojú wọn ṣì là sílẹ̀.

Ọlọ́run á lọ́ra ẹ̀mí yín. Ẹ óò jẹun ọmọ pẹ́, ẹsẹ̀ yín kò ní dùn yín lọ́nà oko. Ẹ bá mi kí gbogbo Iffe, tọmọdé tàgbà, ẹ bá mi kí àwọn àna láti Òkè-Bùkún, kí ẹni tó fi bàtà sílẹ̀ sì wá mú un.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹ ń bínú sí, tó sì fẹ́ràn yín,

Délé.