Iná Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Bàbá Toyyibah

Ilé Láwàl,
Ẹ̀bá Ọjà, Ìfọ̀.

Toyyibah, ọmọ mi àtàtà,

Àsàlámù àléékùm. Ṣé àlàáfíà ni ìwọ àti ọkọ rẹ wà ní Ìlọrin? Ṣọ́ọ̀bù ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ń wọlé? Àwa náà dúpẹ́. Ara wa le, àfi orúnkún ìyá rẹ tí kò tíì san. O máa rẹ́rìn-ín pé fóònù wà, mo tún ń fi bírò dá ara mi lágara. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́wọ́ rẹ ni.

O rántí ìjà wa nígbà Iléyá, nígbà tí o tún iná takisí mi ṣe. Mo ní kí iná ìkìlọ̀ tí àwa awakọ̀ ń pè ní dọ́bù pọ́íńtà máa ṣẹ́jú wéréwéré bí mo bá ń lọ lójú títì, kí gbogbo Ìfọ̀ mọ̀ pé ọmọ mi mọ iṣẹ́ iná mọ́tò. O kọ̀ jálẹ̀. O so ṣíṣẹ́jú iná náà mọ́ háńbúréèkì. Bí mo bá ń rìn, yóò máa tàn bíi ti gbogbo ayé. Àfi bí mo bá dúró tí mo fa háńbúréèkì ni yóò tó ṣẹ́jú kíákíá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó dákẹ́ díẹ̀, kó tún bẹ̀rẹ̀. O ní, "Bàámi, iná yìí kì í ṣe fún fáàrí o." Mo fajú ro, mo ní ọmọ yìí lágídí bí ìyá rẹ̀.

Ní Sátidé tó kọjá, èmi àti ìyá rẹ gba Mowe, à ń lọ sí Arepo láti kí Bàṣírátù àbúrò rẹ̀ kú ewu ọmọ. Òjò ń rọ̀ kíkankíkan. Kí a tó dé Ibafo, ọkọ̀ kú mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín títì. Mo fa háńbúréèkì, mo tan iná, mo bẹ́ sílẹ̀ láti fa ìyá rẹ jáde. Orúnkún kò jẹ́ kó lè gbéra lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Ibẹ̀ la wà tí tírélà kan yọ lẹ́yìn wa. Ẹ̀rù bà mí, Toyyibah. Ìyá rẹ ní kí n sá, kí n fi òun sílẹ̀. Mo ní irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn.

Tírélà náà dín eré kù láti òkèèrè, ó rọra wá dúró sẹ́yìn wa gbọnin, ó fi ara rẹ̀ ṣe ògiri fún wa. Awakọ̀ náà, Mọ́nsúrù lorúkọ rẹ̀, bá mi gbé ìyá rẹ jáde. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ pé tí òjò bá ti ń rọ̀, gbogbo wa la máa ń tan dọ́bù pọ́íńtà lórí eré? Tó bá jẹ́ irú tiwa lẹ tàn ni, ǹ bá rò pé ẹ̀ ń lọ ni, ǹ bá kàn máa bọ̀. Mo wo iná yín, mo ní, àà, eléyìí ò jọ ti ọkọ̀ tó ń rìn o. Mo bá tẹ bíréèkì. Ta ló bá yín ṣe é?"

Mo ní ọmọ mi obìnrin ni. Mo pariwo rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Gbogbo gáréèjì Ìfọ̀ ti gbọ́. Ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ni mo sọ fún lẹ́ẹ̀mejì. Àbúbákr, awakọ̀ ẹgbẹ́ mi, ní kí o ṣe ti òun náà, ṣùgbọ́n kí o yọ ti háńbúréèkì kúrò, kí iná máa ṣẹ́jú lórí eré kí ayé lè yà fún òun. Mo bi í pé, bí gbogbo wa bá ń sáré pẹ̀lú iná yẹn, lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá kú ńkọ́? Ẹnu tí mo fi pè ọ́ ní alágídí ni mo fi ń jà fún ọ báyìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wakọ̀, ọmọ mi, ṣùgbọ́n ìwọ lo kọ́ mi bí a ṣe ń dúró.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní dójú tì ọ́. Bí o ṣe dá ẹ̀mí ìyá rẹ sí, Ọlọ́run yóò fi ọmọ tí yóò ṣìkẹ́ rẹ jíǹkí rẹ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń fi ọ́ yangàn,
Láwàl.

Àfikún: Àbúbákr ti gbà, ó ní kí o so ó mọ́ háńbúréèkì. Gbé irinṣẹ́ rẹ dání bí o bá ń bọ̀. Ìyá rẹ sì ka lẹ́tà yìí tán, ó ní "ọmọ mi, ọmọ mi" ti pọ̀ jù níbẹ̀, kí n kọ ọ́ pé òun náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ.