Jàra Oúnjẹ Ológbò

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́. Nílùú Ìbà.

Ológbò wa ṣì dùbúlẹ̀ sábẹ́ àga. Látàárọ̀ ló ti ń bì.

Ọkọ mi ò bá mi wí, ìyẹn ló sì ń dùn mí jù. Ó kúkú ti sọ ọ́ lọ́jà Àlàbá Rago lọ́jọ́ Àìkú: "Ìyá Ṣeun, jẹ́ ká ra oúnjẹ ológbò tinú ọ̀rá. Ọjọ́ tó máa bàjẹ́ wà lára ẹ̀."

Mo ní, "Ṣé wọ́n ń fi jàra sí tinú ọ̀rá ni?"

Àpò tó ṣí sílẹ̀ ni mo lọ bá, èyí tí wọ́n ń fi kóńgò wọ̀n. Ẹni tó ń tà á wọ̀n ọ́n kún dẹ́nu, ó tún bu ẹ̀kúnwọ́ lé e. Inú mi dùn. Gàrí pàápàá, mo máa ń tọ́ ọ wò kí n tó rà á. Èyí, mi ò tiẹ̀ gbóòórùn ẹ̀. Òwúrọ̀ yìí ni mo tó rí i pé ó ti bu nísàlẹ̀.

Ológbò mọ̀. Lánàá, ó fi imú kàn án, ó sì kúrò níbẹ̀. Mo ní àkẹ́jù ló ń dà á láàmú. Mo bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ mi, mo ń bẹ̀ ẹ́. Ó wò mí lójú, ó sì jẹ ẹ́.

Ká ní mo ti gbọ́ tọkọ mi ni...

Dókítà ẹran ní ó máa yè, pé ká máa fún un lómi díẹ̀díẹ̀. Mo da omi sí àtẹ́lẹwọ́, mo nà án sí i. Ó wo ọwọ́ mi, ó sì yíjú sí ògiri.

Ọwọ́ Bàbá Ṣeun ló ti lá a.