Máàkì Tí Mo Fún Ìlú Méjèèjì

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé àlàáfíà ni ọkọ rẹ wà? Ṣé ara yín le, ṣé ẹ ń sùn dáadáa nínú yàrá kan ṣoṣo yẹn tí ẹ ń gbé, tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ gun orí bẹ́ẹ̀dì kí ẹnì kejì tó lè ṣí ilẹ̀kùn? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ojú tì wá lórí ọ̀kan ṣoṣo tí a bí. Tiwa náà kò burú. Orúnkún bàbá rẹ ṣì ń yọ wọ́n lẹ́nu, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń bá kẹ̀kẹ́ oníkẹ̀kẹ́ jà lábẹ́ àtíbàbà wọn láti àárọ̀ títí òòrùn á fi rọ̀, èmi náà sì wà nídìí maṣíìnì mi, mò ń rán yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé, tí àwọn ìyá wọn ní kí n fi ìgbátí tó pọ̀ sí i torí pé ọmọ ń dàgbà, owó ò dàgbà. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń ná ọ̀nà ọ̀dọ̀ yín ni màá fi lẹ́tà yìí rán. Mo bẹ̀ ọ́, bí o bá ti gbà á, má tíì wo fóònù títí wàá fi kà á tán, nítorí mo ti fún àwọn ìlú náà ní máàkì, mi ò sì fẹ́ kí o rí máàkì kí o tó gbọ́ tẹnu mi.

Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ sọ pé ẹ fẹ́ kó lọ sí ìlú ńlá, pé ìlú méjì ló wà nílẹ̀ tí ẹ ò mọ èyí tí ẹ ó mú, mo rò pé ẹ máa jókòó, ẹ máa sọ ọ́, ẹ máa jà díẹ̀, ọ̀kan á sì gbà fún ìkejì, bí tọkọtaya ṣe ń ṣe. Èmi ò mọ̀ pé ìdánwò lẹ máa ṣe fún ìlú. Tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé wọn kángun sí tiwa, ló bá mi ka fọ́ọ̀mù tí o fi ránṣẹ́ sínú fóònù. Ẹ to gbogbo nǹkan síbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, owó ilé, omi, iná, iṣẹ́ ọkọ, iṣẹ́ ìyàwó, ariwo, wákàtí tí èèyàn ń lò lójú pópó, ẹ sì ń fún ìlú kọ̀ọ̀kan ní máàkì nínú mẹ́wàá. Ọmọ mi, ẹ fún ìlú etí òkun ní méjì nínú mẹ́wàá nídìí ariwo! Ìlú tó tóbi tó yẹn! Ìwọ tí o gba mẹ́rin nínú ìṣirò lọ́jọ́sí, tí o sunkún títí tí o ní olùkọ́ kórìíra rẹ, ṣé o rò pé inú àwọn onílùú á dùn? Mo ní kí Tíṣà bá mi sọ ọ́ di márùn-ún kí wọ́n má lọ dá yín padà lẹ́nubodè. Tíṣà ní kò sẹ́ni tó ń wò ó àfi àwa, àti pé àyè tèmi nìkan ni mo lè fọwọ́ kàn. Mo ṣáà ti sọ tèmi.

Wọ́n wá là á yé mi. Ìlú ti ìtòsí, wákàtí kan àtààbọ̀ ni sí ọ̀dọ̀ wa, ọkọ rẹ ti ríṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n fẹ́ kó máa bá wọn ya àwòrán ilé, ṣùgbọ́n ìwọ kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀ àfi tẹ́nì kan bá fẹ̀yìn tì nílé ìwòsàn wọn. Ìlú etí òkun, wákàtí mẹ́rìnlá ni, bọ́ọ̀sì méjì lèèyàn á sì wọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin méjèèjì ni wọ́n ti gbà síṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n á tún kọ́ ọ sí i nínú iṣẹ́ fọ́tò egungun tí ò ń ṣe. (Ẹ̀yin oníṣẹ́ yìí náà! Mo ti sọ fún oníbàárà mi kan pé fọ́tò lọmọ mi ń yà, ó ní kí o wá bá òun ya ti ìgbéyàwó ọmọ òun, Tíṣà ní àfi kí ìyàwó ọ̀hún kọ́kọ́ ṣẹ́ lápá.) Ẹ ro gbogbo máàkì pọ̀, ó já sí mọ́kànléláàádọ́ta fún èyí, mọ́kànléláàádọ́ta fún ìyẹn. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ṣe àyè kan sílẹ̀ fún Ìyá, ọ̀kan fún Bàbá, pé àwa ni kí a là á. Ṣùgbọ́n ojú mi tó ibì kan. Níbi tí ẹ kọ ìtòsí òbí sí, mẹ́wàá lẹ fún ti ìtòsí, òdo lẹ fún ti etí òkun. Àwa la jẹ́ kó dọ́gba.

Mo ní kí n kọ́kọ́ wọn ọ̀nà náà fúnra mi ná, torí èmi kì í gẹ́ aṣọ ẹnikẹ́ni láì wọ̀n ọ́n. Mo yọ téèpù lọ́rùn, mo tẹ́ ẹ sórí máàpù inú fóònù. Láti ilé wa dé ìlú ti ìtòsí, ínṣì kan kò pé. Dé etí òkun, ínṣì méjì àtààbọ̀. Ẹ̀rín pa mí. Mo ké sí bàbá rẹ pé nǹkan tí a torí ẹ̀ ń fajú ro, kò gùn tó àpò ṣẹ́ẹ̀tì. Ni Tíṣà bá ní kí àwọn fi ọ̀nà hàn mí dáadáa, wọ́n fi ìka méjì lé gíláàsì, wọ́n yà wọ́n síra, àfi fìrì, ìlú etí òkun fò kúrò lójú fóònù pátápátá! Mo figbe ta. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ìlú náà padà síbi tí ẹ ti gbé e, àwọn ọmọ mi ṣì ń gbèrò àtilọ. Wọ́n fún ìka pọ̀, ó padà, ó tiẹ̀ sún mọ́ wa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo ní kí wọ́n fi í síbẹ̀, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án mọ́. Bàbá rẹ, tí wọn ò gbójú sókè lórí táyà tí wọ́n ń lẹ̀, ní bó bá jẹ́ ìka ni wọ́n fi ń fa ìlú súnmọ́ra, kí ló dé tí bọ́ọ̀sì ń ra epo? Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn, wọ́n lè má sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, èyí tí wọ́n bá wá sọ, á gún èèyàn lára.

Mo wo àwọn fọ́tò ilé méjèèjì náà. Ti ìtòsí tóbi, ṣùgbọ́n ògiri ẹlòmíì ni fèrèsé ilé ìdáná ń wò. Ti etí òkun kéré, àtẹ̀gùn rẹ̀ pọ̀ bí ẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ ń wọ yàrá láti ọ̀nà méjì, èèyàn lè gbé maṣíìnì síbẹ̀ láì tanná. Ẹ̀gbin kan wà lára ògiri rẹ̀. Mo fi aṣọ nù ún nù ún, kò lọ, mo tu itọ́ sí i, kò lọ, àfi ìgbà tí Tíṣà ní inú fọ́tò ló wà. Ẹ sọ fún onílé kó kùn ún kí ẹ tó kẹ́rù wọlé.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni bàbá rẹ bá mi sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ. Wọ́n ní kí n fún ti ìtòsí ní mẹ́wàá. Wọ́n ní ara wa ò fi bẹ́ẹ̀ le mọ́, àgbà tó bímọ kan ṣoṣo kì í jẹ́ kó jìnnà. Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni. Kí ni ǹ bá tún sọ? Òótọ́ ni wọ́n sọ, èmi náà sì fẹ́ kí o wà nítòsí, mo fẹ́ ẹ tó bẹ́ẹ̀ tí mo ti ń ro aṣọ tí màá wọ̀ bí mo bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín ní gbogbo ọjọ́ Sátidé.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mi ò sọ fún ọ rí. Ọdún kan kí n tó bí ọ, ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní ìlú etí òkun yẹn gan-an kọ̀wé sí mi. Wọ́n ti rí iṣẹ́ ọwọ́ mi, wọ́n ní kí n wá, àwọn á kọ́ mi ní gígẹ́ kóòtù, àwọn á fún mi ní tábìlì tèmi. Bàbá rẹ ní ta ni á máa tún kẹ̀kẹ́ ìlú yìí ṣe, ta ni á máa tọ́jú ìyá àwọn. Wọn ò pariwo mọ́ mi o. Wọ́n kàn béèrè ni. Mo ká ìwé náà, mo dáná oúnjẹ alẹ́. Mi ò bínú sí wọn, ọkọ dáadáa ni wọ́n, ṣùgbọ́n títí di òní, mi ò mọ kóòtù gẹ́. Bí oníbàárà bá gbé e wá, màá ní ọwọ́ mi dí.

Ní Tọ́sìdeè, mo gbé fóònù, mo lọ bá Tíṣà. Kí fọ́ọ̀mù tó ṣí, fóònù ní kí n jẹ́rìí pé èmi kì í ṣe ẹ̀rọ. Mo ní mo ní ẹ̀rọ kan, ìránṣọ ni, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi, èèyàn ni mí, Tíṣà lè jẹ́rìí. Ó gbà. Nígbà tó ṣí, mo rí i pé àyè tí ẹ ṣe fún Bàbá ti kún. Ojú Tíṣà yí padà. Wọ́n ní bàbá rẹ ti wá lọ́jọ́ Túsìdeè, ọjọ́ tí wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi pé àwọn fẹ́ lọ gba iná sí i, pé bàbá rẹ bẹ àwọn kí àwọn má sọ fún mi. Mo ní kí wọ́n kà á. Ìlú ti ìtòsí, òdo. Ìlú etí òkun, mẹ́wàá. Níbi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè ìdí, wọ́n ní kí Tíṣà kọ ọ́ pé, mo ti dá ẹnì kan dúró rí, ẹ̀ẹ̀kan ti tó.

Ọmọ mi, mo ní kí wọ́n tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, wọn ò mẹ́nu bà á rí, èmi náà ò bi wọ́n. Mo rò pé wọ́n ti gbàgbé. Omijé mi ń kán sórí gíláàsì fóònù, fóònù náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ohun tí ẹnikẹ́ni ò ní kó ṣí. Mo nu ojú, mo nu fóònù, mo ní kí Tíṣà fún ti etí òkun ní mẹ́wàá, ti ìtòsí ní òdo. Tíṣà ní ṣé ó dá mi lójú. Mo ní kí wọ́n tètè tẹ̀ ẹ́ kí n tó yí ọkàn padà.

Mo délé, bàbá rẹ bi mí pé ṣé mo ti fún ti ìtòsí ní mẹ́wàá rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bí a ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀. A jẹun, òpùrọ́ méjì nídìí àwo kan. Má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo rí i. Jẹ́ kí wọ́n ní àṣírí kan tó dáa lọ́wọ́ mi.

Tí ẹ bá ti fìdí kalẹ̀ níbẹ̀, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, ti èèyàn méjì, àlọ àti àbọ̀. Má fi í sínú fóònù, torí fóònù mi ti kún, Tíṣà ní kò sí àyè fún ohunkóhun nínú rẹ̀ mọ́. Awakọ̀ ni kí o fún. Fi díẹ̀ lé e fún oògùn orúnkún bàbá rẹ. Wọ́n ní àwọn ò lè jókòó fún wákàtí mẹ́rìnlá láéláé, ṣùgbọ́n lánàá mo gbọ́ tí wọ́n ń bi awakọ̀ bóyá wọ́n máa ń jẹ́ kí èrò sọ̀ kalẹ̀ na ẹsẹ̀ lójú ọ̀nà. Wọ́n ní ẹnì kan ló ní kí àwọn bá òun béèrè.

Ọlọ́run á ṣáájú yín, á sì tẹ̀ lé yín. Ilé tí ẹ ó wọ̀ á tù yín lára, ẹsẹ̀ yín á bá ire níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní di ohun tí wàá máa ròyìn fọ́mọ pé o fẹ́ ṣe rí. Ẹ kí àwọn ará ibẹ̀ bí wọn ò tilẹ̀ dáhùn. Bí ẹkún bá ń gbọ̀n ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ ń lọ, sun ún nínú ọkọ̀, má sọ̀ kalẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, tó ní kí o máa lọ.